Jùjú alẹ́ Jimọ̀ ní Súrùlérè

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, orin ṣì ń dún létí mi! Ilé ọtí kékeré kan ní Súrùlérè, àwọn olórin jùjú fún ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ fíríìjì.

Bàbá onígángan ló pa mí. Ó há ìlù mọ́ abíyá, ó ń fún ọṣán rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kọ̀ǹgọ́ ń sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá tó ń se ata ẹran. Ìyá gbé àwo sílẹ̀, ó jó dé iwájú ìlù, ó ju owó sínú ike (òfin ò gbà ká máa ná náírà mọ́ olórin lórí mọ́).

Nígbà tí Tunde King ń kọ jùjú l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, kò sí gángan níbẹ̀. Ẹ̀yìn ogun Hitler ló wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó mú un wọlé!

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé o gbọ́ ohun tí ìlù wí?”

“Mo gbọ́ o, sà.”

Wọn ò gba owó ìwọlé, owó inú ike yẹn ni wọ́n ń pín. Jimọ̀ tó ń bọ̀, ta ló ń bá mi lọ?