Kí Ẹ Tó Ṣí Àpòòwé Ni Kí Ẹ Kọ Orúkọ Mọ̀lẹ́bí Yín Sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà fún iléeṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Tí ìpolówó tẹ́ńdà, ìyẹn ìpè fún àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́, bá ti jáde báyìí, gbogbo ẹbí á rántí nọ́ńbà fóònù ẹni.

Oṣù mẹ́rin rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ara mi ò tíì balẹ̀. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn.

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí mo wà fẹ́ ra ibùsùn àti àga. A polówó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a sì ṣí àpòòwé tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi iye owó wọn sí ní gbangba, bí Public Procurement Act ọdún 2007, òfin ọjà rírà ìjọba, ṣe ní ká ṣe é. Àwọn agbaṣẹ́ṣe jókòó, àwọn olùwòye méjì tí òfin ní ká pè náà jókòó, wọ́n ń ka orúkọ àti iye owó síta. Èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkarùn-ún tí wọ́n kà, ti àbúrò ọkọ mi ni. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n á wá. Mo kọ ọ́, mo dákẹ́.

Kí ló dé tí mo dákẹ́? Á yé ẹ̀yin obìnrin ilé. Mo jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé mi wọ̀ ọ́, ọkọ ni wọ́n jẹ́ sí mi. Láti ọdún 14, mi ò pe orúkọ wọn rí. "Akọ̀wé" ni mò ń pè wọ́n. Orúkọ tí mi ò gbọdọ̀ pè nínú ilé, ṣé kí n wá kọ ọ́ fún ọ̀gá níbi iṣẹ́ bíi pé olè ni wọ́n? Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá ti ràn wọ́n lọ́wọ́, kò sí wàhálà. Mi ò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Nínú àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n, iye tiwọn ló kéré jù, iṣẹ́ sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni òfin fún ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn láti kọ ẹ̀sùn. Kò pé ọjọ́ 15 tí ìwé ẹnì kan fi dé tábìlì ọ̀gá àgbà, fọ́tò sì wà lára rẹ̀.

Wọ́n pè mí. Èèyàn méje ló jókòó. Wọ́n ti fọ́tò náà síwájú mi. Ìnáwó ọgọ́rin ọdún bàbá ọkọ mi ni. Èmi àti Akọ̀wé wọ aṣọ ẹbí kan náà, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú wọn, mò ń gbé oúnjẹ fún wọn. Ẹ fi ojú ẹni tí kò mọ̀ wá wò ó: òṣìṣẹ́ ìjọba ló kúnlẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe.

Ọ̀gá ní, "Madam, ta ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí yín?"

Ẹ̀rù ti bà mí kọjá ààlà. Ohun tí mo máa ń sọ nílé ló jáde lẹ́nu mi: "Ọkọ mi ni wọ́n, sà."

Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n tó gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ mi ló gba iṣẹ́. Mo ní rárá, àbúrò ọkọ mi ni. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ló ń dún bí irọ́. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Èmi náà ń wo fọ́tò yẹn, orúnkún ara mi ni mò ń wò.

Ìwé kúẹ̀rì tẹ̀ lé e, wọ́n fagi lé tẹ́ńdà, wọ́n gbé mi lọ sí yàrá fáìlì. Wọ́n wádìí, wọn ò rí owó kankan, wọ́n dá mi padà.

Ẹ kọ orúkọ mọ̀lẹ́bí yín sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí àpòòwé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyẹn. Tí ẹ bá kọ ọ́ lẹ́yìn tí iye owó ti jáde, wọ́n á ní ẹ̀rù ló bà yín. Ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu lásán o, ọ̀gá tí ẹ sọ ọ́ fún lè lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ìwé ni, pẹ̀lú déètì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gba ẹ̀dà tiyín.

Ẹ má fara ti ìwé ìbúra tí agbaṣẹ́ṣe ń mú wá. Ohun tí ìyẹn ń bèèrè ni bóyá òṣìṣẹ́ jẹ́ olùdarí, tàbí ó ní ìpín tàbí èrè owó níbẹ̀. Akọ̀wé búra pé kò sí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n abala 57 òfin náà ń wo àjọṣe, tààrà tàbí ẹ̀bùrú, ó sì ń wo ohun tí èèyàn kọ̀ tí kò ṣe. Ìdákẹ́ mi wọ ibẹ̀.

Kí ẹ sì jáde kúrò nínú yàrá. Ká ní mo kọ̀wé tí mo sì jáde ni, fọ́tò ìnáwó lásán ni fọ́tò yẹn ì bá jẹ́. Ibùsùn Akọ̀wé dára, iye wọn dára. Èmi tí mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni mo ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn ò tíì pè mí ní "ìyàwó wa" láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, iléeṣẹ́ ọkọ ọ̀rẹ́ mi ra ìwé tẹ́ńdà lọ́dọ̀ wa. Ẹ lè lo ohun tí mo kọ, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe lọ nìyí: "Mo mọ ẹni tó ni iléeṣẹ́ yìí. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi ni. A kò tíì ṣí àpòòwé kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹlòmíràn rọ́pò mi."