Ẹ̀wà àti Sọ́séèjì Nínú Ìkòkò Ìpetumodù: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Ìkòkò amọ̀ tí mo rẹ sómi ti mumi yó, ojú sọ́séèjì náà, ẹran lílọ̀ tí mo kì sínú ìfun, ti gbẹ nínú fíríìjì, nítorí náà òní ni mo dáná. Cassoulet ni oúnjẹ tí mò ń lé, ẹ̀wà àti ẹran tí àwọn ará gúúsù Faransé máa ń sè jẹ́jẹ́ lórí iná. Castelnaudary, Carcassonne àti Toulouse ló ń bá ara wọn du ẹni tó ni ín, bí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ṣe ń jiyàn lórí iyán. Wọ́n máa ń fi pẹ́pẹ́yẹ sí i. Èmi ò wá ìyẹn. Ìkòkò amọ̀ ẹlẹ́nu fífẹ̀ wọn ló wù mí, ni mo fi kúrò n'Ífẹ̀ lọ sí Ìpetumodù.

Ìyá oníkòkò wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé o mọ̀ ọ́n tọ́jú? Má bu omi tútù sí i tó bá ti gbóná o. Á là mọ́ ọ lọ́wọ́ ni." Mo ní, "Mo gbọ́, ìyá. Ẹ ṣé."

Sọ́séèjì gan-an ni iṣẹ́. Apá ẹlẹ́dẹ̀ ni mo rà, mo ní kí alápatà fi ọ̀rá ẹ̀yìn kún un títí ọ̀rá fi tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin. (Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè lo màlúù, kó sì fi ìfun àgùntàn dì í.) Kílò ẹran kan gba iyọ̀ gíráàmù 16, lẹ́yìn náà aáyù, ata gígún, àti ìyẹ̀rẹ̀ dípò ata dúdú tiwọn. Lójú tèmi, ìyẹ̀rẹ̀ bá ẹran yìí mu ju ata dúdú lọ.

Ẹran àti ọ̀rá gbọ́dọ̀ tutù nini kí wọ́n tó wọ ẹ̀rọ. Bí ọ̀rá bá ti ń yọ́ níbi tí ẹ ti ń lọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣàn jáde lórí iná, ẹran á wá gbẹ, á máa há ni lọ́fun. Iná mọ̀nàmọ́ná àdúgbò wa kò ṣeé gbára lé, nítorí náà mo ra yìnyín, mo gbé abọ́ ẹran lé e lórí. Mo yí inú ìfun síta, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á, mo fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí òórùn fi lọ. Ọrùn ike omi tí mo gé ni mo fi ṣe àrọ. Ẹ má kì í kún jù. Ìfun tó kún gbinrin a máa bẹ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ibi tí atẹ́gùn bá há sí.

Ẹ̀wà wá ńkọ́? Láti Amẹ́ríkà ni ẹ̀wà tí wọ́n ń lò ní Faransé ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Tiwa, ọmọ Áfíríkà ni, ó sì ń tètè rọ̀. Olóyin á ti fọ́ kí ẹran tó débẹ̀, nítorí náà ẹ̀wà funfun ni mo mú ní ọjà Odò-Ògbè. Mo sè é lọ́tọ̀ títí ó fi rọ̀ díẹ̀. Tòmátì ò gbọ́dọ̀ kàn án ṣáájú ìyẹn, torí kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèpo ẹ̀wà rọ̀ bọ̀rọ̀. Kánún? Rárá o.

Mo dín sọ́séèjì kí ara rẹ̀ pọ́n, mo yọ ọ́, mo dín àlùbọ́sà àti tòmátì nínú ọ̀rá tó kù. Ẹ̀wà nísàlẹ̀, sọ́séèjì láàárín, ẹ̀wà lórí, omi ẹ̀wà bò ó mọ́lẹ̀. Èédú díẹ̀ lábẹ́, èédú lórí ìdérí irin. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ sé èèpá, àwọn kan a tilẹ̀ fi èérún búrẹ́dì ràn án lọ́wọ́. Gàrí tí mo fi òróró pò ni mo wọ́n sí i. Bó bá ti pọ́n, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí òmíràn lè yọ.

Gàrí yẹn ni àbúrò mi ń ha jẹ létí ìkòkò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ẹran sílẹ̀ fún ara yín."

Sọ́séèjì ṣì kù nínú fíríìjì. Èéfín ni mo fẹ́ fi yan ìyẹn, lórí ààrò tí ẹni tó ń yan ẹja ní òpópónà wa ti ní kí n wá lò lọ́jọ́ Sátidé.