Tábúlẹ́ẹ̀tì àti ìwé nínú kíláàsì: Swídìn àti Rẹ́mọ

Ìlú Uppsala ní orílẹ̀-èdè Swídìn ni mo ń gbé báyìí, iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ tíṣà ni mo sì ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀. Tíṣà ni mí ní Rẹ́mọ kí n tó kúrò nílé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ń kọ́ àwọn ọmọ Pírámárì Kẹrin ní Ìkẹ́nnẹ́ títí di òní olónìí. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí èmi pẹ̀lú wọn kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn wa ń sọ pé tábúlẹ́ẹ̀tì àti áàpù ẹ̀kọ́ ni yóò tún ilé-ìwé ṣe ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà máa ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí pé orílẹ̀-èdè tó ti kó ẹ̀rọ wọ̀nyí lé àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo wà, ìwé ni wọ́n sì ń fi owó ńlá rà padà báyìí.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà, kọ́bọ́ọ̀dù irin kan wà ní igun kíláàsì kọ̀ọ̀kan, wáyà ṣájà sì ti wà nínú rẹ̀ fún tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ẹ̀yìn tábúlẹ́ẹ̀tì bá nọ́ńbà ọmọ tó ń lò ó mu. Ọmọ náà ni yóò mú un jáde láàárọ̀, òun náà ni yóò dá a padà kó tó lọ sílé, tí yóò sì ki wáyà bọ̀ ọ́. Iná kì í lọ, íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà já, bí ojú ẹ̀rọ bá sì fọ́, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń san owó àtúnṣe. Òbí kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọn kì í ti í san owó ilé-ìwé tàbí owó oúnjẹ ọ̀sán. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé àwọn tó ń polówó tábúlẹ́ẹ̀tì fún wa nílé kì í dárúkọ kọ́bọ́ọ̀dù náà, bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà wúlò, n kò ní jiyàn ìyẹn. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kejì tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ lójú. Bí wọ́n bá fún un ní ìwé, yóò ṣí i, yóò máa wo fèrèsé. Ṣùgbọ́n bó bá ki íápíìsì bọ etí, tí ohùn ẹnìkan ń ka ìtàn náà fún un, tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń yí àwọ̀ padà bí ohùn náà ṣe ń dé orí rẹ̀, ìka rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e láti ìlà kan sí ìkejì. Mo ti rí i tó nawọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè lórí ìtàn tí ì bá má ti lè kà láéláé. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Síríà tàbí Sòmálíà náà ń rí ìtùnú nínú rẹ̀, nítorí wọ́n lè gbọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè tí wọ́n gbọ́ kí èdè Swídìn tó yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Mo tún jókòó ti ọmọbìnrin kan tó ń fi áàpù kọ́ ìsọdipúpọ̀. Áàpù béèrè 6 lọ́nà 7. Ó tẹ 36, áàpù ní rárá. Ó tẹ 48, áàpù ní rárá. Ó tẹ 42, ìràwọ̀ sì tàn lójú tábúlẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orin. Ìka rẹ̀ kàn ń sáré ni, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nígbà tó parí, àbọ̀ tí áàpù fi ránṣẹ́ sí tíṣà ni pé ó ti mọ ìsọdipúpọ̀ 6 dáadáa. Mo fún un ní pépà àti pẹ́ńsù, mo bi í ní ìbéèrè yẹn kan náà, ó wò mí, ó sì ní kí n dárúkọ nọ́ńbà mẹ́ta kí òun mú ọ̀kan. Tíṣà rẹ̀ kò jẹ̀bi, ó ní ọmọ púpọ̀ láti mójú tó, àbọ̀ áàpù náà sì mọ́ tónítóní. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé bí kò bá sí àgbàlagbà tó jókòó tì í lọ́jọ́ náà, ọmọ yẹn ì bá gbé àìmọ̀ rẹ̀ lọ sí kíláàsì kẹta láìsí ẹni tó mọ̀.

Irú nǹkan báyìí ló di ọ̀rọ̀ ìjọba ní Swídìn. Nínú ìdánwò ìwé kíkà PIRLS, tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, máàkì Swídìn jẹ́ 555 ní 2016, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí 544 ní 2021. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Karolinska Institutet, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn kan ní Swídìn, sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀rọ ayárabíàṣá ń dí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ju bó ṣe ń ràn án lọ́wọ́ lọ, Lotta Edholm tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà sì ní ìwé gbọ́dọ̀ padà sí kíláàsì. Mílíọ̀nù 685 owó kronor ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìwé ẹ̀kọ́ lọ́dún náà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù July 2024 sì mú un ṣe kedere pé ẹ̀tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti ní ìwé ẹ̀kọ́. Àwọn kan ń jiyàn pé ọ̀rọ̀ ìdánwò náà kò ṣeé gbé ka orí tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan, pé àrùn kòrónà àti àwọn ọmọ tí kì í sọ èdè Swídìn nílé wà lára ohun tó fà á. Mo gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí mo fojú rí ni pé páálí ìwé tuntun ń wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ wa, àwọn ọmọ sì tún ń fi pẹ́ńsù kọ̀wé lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni tábúlẹ́ẹ̀tì ń dúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù títí tíṣà yóò fi ní ìdí kan pàtó láti pè é jáde.

Ní Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ tó wà ní kíláàsì ẹ̀gbọ́n mi lé ní àádọ́ta. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan, ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń forí jọ kà á. Èyí tó kù, ara pátákó ni wọ́n ti ń dà á kọ sínú ìwé àjákọ, ìdajì àkókò ẹ̀kọ́ sì ń bá ìdàkọ lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó bá dé irú ibẹ̀ kò ní ìwé kankan tí yóò lé jáde. Ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín ibi méjèèjì nìyí lójú mi, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í rò nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé kí á ṣe bí àwọn Òyìnbó ti ń ṣe. Swídìn ní ìwé kó tó ní ẹ̀rọ, ilé ìkàwé sì wà ládùúgbò tí ọmọdé ti lè yá ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀rọ bá já wọn kulẹ̀, wọ́n ní ibi tí wọ́n lè padà sí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tìtorí èyí sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹ̀rọ. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra dátà òru, nítorí ó dínwó, wọ́n á wa fídíò kúkúrú sórí fóònù wọn, wọ́n á yá ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì gbé e lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ sí ara, ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń jáde wá síwájú, àwọn tó kúrú níwájú, àwọn tó ga lẹ́yìn, àwọn tó jókòó sì ń ya àwòrán ọkàn láti ara pátákó. Wọ́n á dá fídíò dúró níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wọ inú ọkàn, wọ́n á ní kí ọmọ kan fọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, kó ka bó ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ní kó sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, kó tún un kà. Mo bi wọ́n bóyá ojú fóònù náà kò kéré jù fún àwọn ọmọ. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ ìgbà tí mo máa pa á.” Mo ń wo àwọn ọmọ tó wà níwájú mi ní Uppsala, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹjú mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀ láìbá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé fóònù kan yẹn ti kọ́ ọmọ ní nǹkan ju ogún tábúlẹ́ẹ̀tì lọ lọ́jọ́ náà.

Ìnira tó wà nídìí rẹ̀ pọ̀. Bí iná kò bá sí, ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí ni wọ́n ti ń gba iná sí fóònù, wọ́n sì ń sanwó. Láti May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ilé-ìwé tó lè máa tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹ̀kọ́ kò pọ̀ mọ́. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí àwọn tíṣà kan ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tún ní ìṣòro tirẹ̀: fóònù ìyá ni ó ń wọlé sí, ìyá sì wà lọ́jà ní Ṣàgámù títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ọmọ á ti sùn kó tó dé. Irú rẹ̀ kò ṣàìsí ní Swídìn, nítorí pé BankID, ìyẹn ìdánimọ̀ orí ẹ̀rọ tí báńkì ń fúnni, ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń wọlé sórí ìkànnì tí ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ ìsọfúnni sí, òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú tí kò sì tíì ní in á wà níta. Èmi náà ti máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fún irú wọn.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, kò sì yẹ kí á fi ọ̀rọ̀ Swídìn dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ wa. Láti 2015 ni JAMB ti pa ìdánwò orí pépà tì pátápátá. Ọmọ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, yóò dáhùn ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì. JAMB fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn kò tíì di eku kọ̀ǹpútà mú rí, ìdí nìyẹn tó fi ṣètò pé bọ́tìnnì mẹ́jọ péré tó láti fi ṣe gbogbo rẹ̀: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ìdáhùn ránṣẹ́, R láti yí ìpinnu yẹn padà. Ọmọ tó bá wà ní Ìlíṣàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde tí òbí rẹ̀ lè sanwó ìfidánrawò ní ibùdó kọ̀ǹpútà ti ṣíwájú ọmọ tó ń bọ̀ láti abúlé kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Tábúlẹ́ẹ̀tì mélòó kan tó ní ìbéèrè àtijọ́ nínú, tí a sì gbé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba, yóò ṣe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní gidi.

Ohun tí mo kórìíra ni ti ilé-ìwé aládàáni kan tí mo mọ̀ ní Ìjẹ̀bú, tó fi owó tábúlẹ́ẹ̀tì kún owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kékeré. Àwọn òbí yá owó san án. Ohùn tó wà nínú áàpù rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ kò gbọ́ dáadáa, yìnyín àti èso tí wọn kò rí rí ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní kíkà, kò sì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan nínú rẹ̀. Kí ọdún ẹ̀kọ́ kan tó parí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì náà ti fọ́ lójú, kò sì sẹ́ni tó fi owó àtúnṣe sílẹ̀.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013 fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà, wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB àtijọ́ sínú rẹ̀, ọmọ kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti kà wọ́n. Nígbà tí uLesson, áàpù ẹ̀kọ́ kan ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní 2020, káàdì ìrántí ni wọ́n kó fídíò ẹ̀kọ́ sí kí dátà má baà jẹ́ ìdènà. Àwọn tó ṣe ìwọ̀nyí ro ti ilé tí ọmọ ń gbé kí wọ́n tó ro ti ẹ̀rọ. Àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sì ni ó yẹ kí ó rántí ìmúrasílẹ̀ jù. Stephen Awókọ̀yà, ọmọ Àwà-Ìjẹ̀bú tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nínú ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní July 1952, January 1955 ni àwọn ọmọ sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kíkọ́ tíṣà àti kíkọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ohun tó lé ní ọdún méjì láàárín ṣe.

Àwa ọmọ Rẹ́mọ mélòó kan níbí ń dá owó jọ fún ilé-ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi wà. Ẹnìkan dá àbá pé kí á gba àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Swídìn ń pa tì, kí á dì wọ́n sínú páálí ránṣẹ́ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbó débi tí áàpù tuntun kò fi ṣiṣẹ́ lórí wọn mọ́, bátìrì wọn kò sì lè pẹ́. Àbá tèmi ni pé kí owó náà kọ́kọ́ ra ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ìwé ìṣirò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní Pírámárì Kẹrin, kí èyí tó kù ra sólà kékeré pẹ̀lú bátìrì fún yàrá kan, lẹ́yìn ìyẹn ni kí á ra tábúlẹ́ẹ̀tì márùn-ún tàbí mẹ́fà tí àwọn ọmọ yóò máa pín lò, tí ẹ̀kọ́ ti wà nínú wọn láìlo dátà, kí á sì fi owó sílẹ̀ fún ẹni tí yóò máa tún wọn ṣe ní Ṣàgámù. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi orúkọ àwọn ìwé náà ránṣẹ́ pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà wọ́n, mo sì ti pín in fún gbogbo ẹni tí yóò wà ní ìpàdé.