Ìròyìn Ẹgbẹ́ Ẹni ní Iowa àti ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ọmọ mi obìnrin kàwé jáde ní Grinnell, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan láàárín oko àgbàdo ìpínlẹ̀ Iowa, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1846, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 1,700 lọ. Ìwé ìròyìn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà máa ń dé ilé wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń to ìròyìn àwọn tó ti jáde: ẹni tó ṣe ìgbéyàwó, ẹni tó bímọ, ẹni tó gba iṣẹ́ tuntun, ẹni tó fẹ̀yìn tì. Olóhun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ tirẹ̀ ránṣẹ́, ní ìlà mélòó kan. Ọdún tí kálukú jáde ni wọ́n fi ń tò ó, wọn kì í wo ipò. Robert Noyce, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Intel, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sílẹ̀, jáde níbẹ̀ ní 1949, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò torí ìyẹn fo sẹ́ẹ̀tì mìíràn kọjá. Èyí wù mí, nítorí nílé, olóyè la kọ́kọ́ ń pè sórí tábìlì gíga.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni èmi náà ti jáde, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 1976 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tísà ṣọ̀wọ́n bí ojú, ọdún náà ni a wọlé. A gba Gíréèdì Túù, ìwé ẹ̀rí tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 1981. Nígbà tó yá, ìjọba ní NCE, ìwé ẹ̀rí tísà tó ga ju ìyẹn lọ, ni tísà gbọ́dọ̀ ní, wọ́n sì sọ ọ̀pọ̀ irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ di ilé-ẹ̀kọ́ girama. Tiwa bá a lọ. Láti ìgbà náà, kò sí ọ́fíìsì kankan tó ń tọ́jú orúkọ wa, ṣùgbọ́n ìròyìn ẹnikẹ́ni nínú wa kì í pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Amẹ́ríkà níbí.

Ẹnu ẹlòmíràn ló máa ń gbà dé, torí pé lọ́dọ̀ tiwa, olóhun kì í dédé ròyìn ara rẹ̀. Ará Iowa lè kọ ọ́ síwèé pé ọmọ mẹ́rin ni òun bí àti pé ọmọ-ọmọ òun ti pé méje, ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó gba físà kò ní fọhùn títí yóò fi gúnlẹ̀ sọ́hùn-ún. Lórí WhatsApp sẹ́ẹ̀tì wa, ìgbà tí nọ́ḿbà bá kúrò ní +234 tó di +44 ni a máa ń mọ̀ pé ìyá àgbà ti lọ bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìkọ̀sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ń kọ ọ́ síta níhìn-ín, pẹ̀lú ibi tí wọ́n kó lọ àti ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí. Nílé, gbogbo wa la ó gbọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò bá onítọ̀hún sọ ọ́ lójúkojú. Mo rò pé ti ìhín sàn ju tiwa lọ nínú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá Ìbejì, ọ̀kan nínú wa, fẹ̀yìn tì ní 2016 lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ (òfin 2022 tó fi kún ọdún iṣẹ́ tísà kò tíì sí nígbà náà), sẹ́ẹ̀tì wa ra ẹgbẹ́jọdá, àwa tí a wà lókè òkun fi owó ránṣẹ́ sí akápò. Mo rí fídíò rẹ̀: Màmá Ìbejì ń jó lọ síwájú pẹpẹ, àpò ìwé ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn nínú ànkárá aláwọ̀ osùn, ẹnì kan ń fi gèlè nu òógùn ojú rẹ̀. Ní Iowa, ìdajì ìlà ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà: ó fẹ̀yìn tì, ó ń dá ọgbà. Ẹnikẹ́ni kò dìde. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń pàdé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n á fi orúkọ há àyà kí wọ́n lè dá ara wọn mọ̀.

Ohun tó ń dùn mí nípa tiwa ni pé a ń ṣe é, a kì í kọ ọ́. Ọ̀kan nínú wa kú, a sin ín dáadáa, a jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ náà béèrè abúlé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìyá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí tísà, torí wọ́n fẹ́ lọ fi ìwé ta ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ lọ́rẹ ní orúkọ rẹ̀. A kò rẹ́ni dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá a kọ́ ọmọ níbẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ká ní ó ti kọ ìlà mẹ́ta péré sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, bí àwọn ará Grinnell ti ń ṣe, à bá ti rí ìdáhùn fún àwọn ọmọ náà.

Mo ti bá akọ̀wé sẹ́ẹ̀tì wa sọ ọ́ pé kí kálukú kọ ìlà mélòó kan tirẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì ti gbà. Orúkọ ilé baba àti ti ilé ọkọ ni a ń béèrè, abúlé tí ènìyàn kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kíláàsì tó kọ́, ọdún tó fẹ̀yìn tì. Iye ọmọ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá wù lè kọ ọ́. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù ló pọ̀ jù nínú ohun tó ti wọlé, ọmọ mi sì ń bá mi tẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ Sátidé.