Mo Ní Gàrí, Mo Ní Ṣúgà, N Ò Ní Omi

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ilẹ̀ Faransé dé, ètè mi ṣì ń bó. Ìyàwó mi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, bóyá mo lè yé sọ ọ́ fún gbogbo àlejò tó bá wọlé wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́ bíi tèmi, tí ariwo mọ́tò ti sú yín, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní London, ọdún 14 rèé. Ẹni tó bá ń wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀ kò ní bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń wá ọ̀nà tí èèyàn kò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú Creuse, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn tí èrò kéré sí jù lọ lọ́dọ̀ wọn. Mo gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Newhaven, bíi wákàtí mẹ́rin la fi dé Dieppe, ọkọ̀ ojú irin ló gbé mi dé Limoges. Láti ibẹ̀, ó di ọwọ́ ẹsẹ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ọ̀nà wọn ná. Lórí máàpù Michelin, ọ̀nà ńlá ni wọ́n kùn ní pupa, èyí tó tẹ̀ lé e ní yẹ́lò, àwọn wẹ́wẹ́ ní funfun. Àwọn funfun yẹn ni kẹ́ ẹ máa tọ̀. Wọ́n tẹ́ ọ̀dà sí i dáadáa, igi óákù lápá ọ̀tún, màlúù pupa Limousin lápá òsì, tí wọ́n ń wò yín bíi pé ẹ̀yin lẹ ṣìnà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò ní Saint-Léonard-de-Noblat, ìlú tí Raymond Poulidor, gbajúgbajà eléré kẹ̀kẹ́, gbé títí tó fi kú ní 2019, mọ́tò mẹ́ta àti katakata kan ni mo kà láàárín wákàtí méjì. Mẹ́ta péré! Èyí tó fẹ́ ya mí bọ́ sí apá kejì ọ̀nà pátápátá. Òfin wọn ní lẹ́yìn ìlú, mítà kan àbọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà láàárín mọ́tò àti kẹ̀kẹ́, ti ẹni yìí sì tó mẹ́ta. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Àṣé omi yẹn ni ǹ bá tọ́jú.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, 15 oṣù Kẹjọ 2025. Ẹ má rò pé n kò múra. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù abúlé wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé. Mo mọ̀ pé tí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, wọ́n á tilẹ̀kùn lọ jẹun títí di aago méjì. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣírò. Jímọ̀ ni, kí ló tún kù? Mo rọ omi ìgò méjì, mo dorí kọ òkè Millevaches.

Ooru ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Yúróòpù mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, ìgò kan ti tán. Abúlé àkọ́kọ́, ilé ọtí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ tì, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn, n ò lè kà á. Abúlé kejì kò ní ṣọ́ọ̀bù rárá. Ẹ̀kẹta, gbogbo fèrèsé ló wà ní títì. Mo kan ilẹ̀kùn méjì, ajá ló dá mi lóhùn. Fóònù mi kú nítorí pé fọ́tò màlúù ni mo ń yà láti àárọ̀. (Ìyàwó mi ti bú mi lórí èyí, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà.) Odò Vienne, odò Creuse, odò Vézère, orí òkè yìí ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Ibi tí odò ti ń bí ọmọ ni òùngbẹ ti fẹ́ pa ọmọ Ìjẹ̀bú.

Níbi àtigun òkè kan, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé n ò làágùn mọ́, pé ara mi ń ṣe gìrì nínú oòrùn. Ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó ti ògiri kan, mo tú báàgì. Gàrí Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ó kún ọ̀rá. Ṣúgà wà. Ẹ̀pà wà. Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Mo da gàrí gbígbẹ sẹ́nu, ó dà bí iyanrìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ títí ojú mi fi pọ́n. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń wo gàrí, gàrí ń wò mí.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tó, tó, tó. Omi ń kán. Mo yíjú, mo rí ẹ̀rọ omi nínú géètì, kò jìnnà ju bíi mítà mẹ́wàá lọ. Mo tún wò dáadáa. Àgbélébùú. Ògiri itẹ́ òkú ni mo fẹ̀yìn tì látàárọ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo dàgbà. Lọ́dọ̀ màmá, wọn kì í mú òkúta lásán wálé láti itẹ́ òkú, áḿbọ̀sìbọ́sí kéèyàn mumi níbẹ̀. Èmi ọmọ ọdún 52, tí mo ń gbé báàgì ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó síwájú omi fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òùngbẹ ń pa mí, mi ò wọlé.

Ìyá àgbàlagbà kan ló dé pẹ̀lú òdòdó. Ó pọnmi sínú kẹ́tù, ó bomi rin ojú oórì kan, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbọn omi náà mu. Ó rí mi. Ó ní “Bonjour.” Mo na ìgò sí i, n ò lè sọ̀rọ̀. Ó rọ ọ́ kún, ó mú mi lọ sílé, ó fún mi ní búrẹ́dì àti wàràkàṣì, nígbà tó fi di aago mẹ́fà mo ti ń sáré bọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè lọ sí Felletin. Ó parí.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni omi. Ní ọ̀pọ̀ abúlé Faransé, ẹ̀rọ omi wà ní itẹ́ òkú, nítorí òdòdó ni wọ́n ṣe fà á síbẹ̀. Omi ìlú ló sábà máa ń jẹ́. Bí wọ́n bá kọ “eau non potable”, ìyẹn omi tí kò ṣeé mu, sí i, ẹ má mu ún. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ wọlé, ẹ kí àwọn onílé, kẹ́ ẹ rọ ìgò yín.

Èkejì, ẹ ka ọjọ́ àjọ̀dún wọn kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́, ará Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, “Bùrọ̀dá, 15 oṣù Kẹjọ! Àjọ̀dún Màríà! Ní Benin pàápàá a kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.” Ṣé wọ́n ń ṣe é ní London ni? Ta ni ì bá sọ fún mi?

Ẹ̀kẹta, ẹ máa sọ “Bonjour” kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun. Bíi tiwa ni, ẹni tí kò kíni kò lẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀kùn méjì tí mo kàn yẹn, “Hello” ni mo ń pariwo.

Ẹ̀kẹrin náà, omi ni. Ìgò mẹ́ta, kì í ṣe méjì. Ibi tí ọ̀nà bá ti dákẹ́, kò sẹ́ni tó ń tajà níbẹ̀. Ohun kan náà ló lé mọ́tò lọ tó lé ṣọ́ọ̀bù lọ.

Mo fẹ́ padà lọ lóṣù Karùn-ún 2026. Ará Kétu yẹn ti bá mi kà á: ọjọ́ 1, ọjọ́ 8, ọjọ́ 14, ọjọ́ 25, ìsinmi ni gbogbo wọn. Ìyàwó mi kọ ọ́ sára firíìjì, ó sì ya itẹ́ òkú kékeré kan sábẹ́ rẹ̀.