Yíyẹ ọ̀fun aláìsàn wò láti orí fóònù: ohun tí iṣẹ́ kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì, ẹ kú ìmúra. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà kò pọ̀ rárá, ìlú ńlá sì ni púpọ̀ nínú wa wà. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ní Ìgbòho kò lè máa wọ mọ́tò wá sí Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà Kòrónà ní 2020 ni ọ̀pọ̀ wa ti ń fi fídíò WhatsApp yẹ aláìsàn wò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ni pé ẹni tó jókòó ti aláìsàn ló ń ṣe ìyẹ̀wò náà. Ẹ̀yin kàn ń darí rẹ̀ ni.

Ẹ ò lè fi ìka kan gògóńgò kí ẹ mọ bó ṣe ń gòkè. Bí omi bá pá aláìsàn lórí, ẹ ò lè na ọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bá ẹni tó jókòó ti aláìsàn sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ta ló ń se oúnjẹ? Ta ló ń fún aláìsàn jẹ? Ṣé ó lè gbé wọn jókòó ṣánṣán? Ẹ kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe bí nǹkan bá há wọn lọ́fun: kó tẹ̀ wọ́n síwájú, kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá wọn láàárín èjìká. Bí kò bá sí ẹni tó lè ṣe èyí, tàbí tí aláìsàn ń tòògbé, tàbí tí ó ń mí gúlegúle, ẹ má fún un ní ohunkóhun lójú fídíò.

Elizabeth Ward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ti ń ṣèwádìí lórí irú ìyẹ̀wò yìí tipẹ́ kí Kòrónà tó dé. Olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ ló máa ń wà lọ́dọ̀ aláìsàn tiwọn. Ọmọ tàbí ìyàwó ló máa ń wà lọ́dọ̀ tiwa, àmọ́ ọgbọ́n tí wọ́n dá wúlò fún wa: plástà funfun lórí gògóńgò kí ojú lè rí i bó ti ń lọ sókè sódò, àti ife tí a lè rí inú rẹ̀ kí ẹ lè mọ iye omi tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan. Iwájú orí wọn nìkan ni mo ń rí nígbà tí ọmọ wọn obìnrin gbé fóònù. Mo ní kó gbé e ti agolo mílíìkì, kó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí n lè rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn, kó sì kẹ́yìn sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sójú bàbá. Ó lẹ plástà mọ́ ọn. Ó fún wọn ní omi ṣíbí tíì kan. Plástà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ pé "ààà". Ohùn wọn ti yí padà, ó ń hó bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀. Inú ọmọ dùn: "Wọn ò wúkọ́ rárá, mà!" Mo ní kí wọ́n gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn náà kò mọ́. Ibẹ̀ la ti dúró. Mo kọ lẹ́tà fún wọn lọ sí ọsibítù.

Àìwúkọ́ kì í ṣe àlàáfíà. Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ọ̀fun lè kú tipiri débi pé omi á wọ ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ara ò sì ní fura. Kódà bí ẹ bá dúró létí bẹ́ẹ̀dì, ojú ò lè rí i. X-ray onífídíò tàbí kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ti imú kì sí ọ̀fun ló lè fi í hàn. Ẹ má sì gbójú lé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Kò ṣeé gbára lé fún èyí.

Ní ti oúnjẹ, ìwọ̀n IDDSI, ìyẹn ìlànà àgbáyé tó ń fi nọ́ńbà sọ bí ohun mímu àti oúnjẹ ṣe ki tàbí le tó, láti 0 dé 7 lẹ máa lò, ó sì rọrùn láti kọ́ ará ilé: kí wọ́n ra síríńjì mílílítà 10 ní kẹ́místì, kí wọ́n bu ẹ̀kọ mímu sí i dé orí 10, kí wọ́n jẹ́ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí ó bá ku láàárín 4 sí 8, ìwọ̀n 2 ni. Bí ó bá ju 8 lọ, ìwọ̀n 3 ni. Bí kò bá ṣàn rárá, ìwọ̀n 4 ni. Síríńjì ò dọ́gba o, ẹ ní kí wọ́n fi rúlà wò ó: láti 0 dé 10 gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 61.5. Kí wọ́n wọn ẹ̀kọ náà bó ṣe gbóná tó nígbà tí wọn yóò mu ún, nítorí bó bá ń tutù ló ń ki sí i. Itọ́ sì máa ń mú un ṣàn, torí náà kí ṣíbí tó ti wọ ẹnu má padà sínú ife.

Òkèlè ni kò sí nínú àpẹẹrẹ àwọn òyìnbó. A kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu, odidi là ń gbé mì. Nítorí náà mo máa ń ní kí wọ́n gbé àwo wá síwájú kámẹ́rà kí wọ́n bu òkèlè bí wọ́n ṣe ń bù ú lójoojúmọ́. Ẹ̀bà líle lè lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Àmàlà tó rọ̀ pẹ̀lú ewédú ń yọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó lè tètè yọ̀ jù fún ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò yára. Ìrẹsì ń tú ká. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá wọ́n ń rọ aláìsàn, pàápàá tí wọ́n bá ń gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, ó sì léwu gan-an.

Aláìsàn ò rí bákan náà. Ẹni tó ní àrùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n tó sì ń mú un le, ẹ pè é nígbà tí oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan, ẹ má pàṣẹ fún un. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú ife. Ọmọ tó ní cerebral palsy, ìyẹn ìpalára ọpọlọ láti kékeré tí kì í jẹ́ kó lè darí ara rẹ̀ dáadáa, ẹ ní kí ìyá rẹ̀ ya fídíò oúnjẹ ojoojúmọ́ ránṣẹ́. Fídíò ránṣẹ́ dára fún gbogbo wọn, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń jẹ́ kí ohùn pẹ́ lẹ́yìn àwòrán.

Kí ẹ tó gé ìpè, ẹ ní kí ará ilé tún gbogbo rẹ̀ sọ fún yín. Ẹ sọ fún un pé kó máa fọ ẹnu wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí kòkòrò ẹnu ló ń bá itọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró tó ń di òtútù àyà. Ẹ pè é ní ọjọ́ kejì. Bí ó bá ní ara wọn ti ń gbóná tàbí wọ́n ń mí gúlegúle, ẹ má ṣètò fídíò mìíràn, ọsibítù ni lọ́jọ́ náà gan-an.