Àyẹ̀wò ọdún: oògùn tó jáde láti inú báàgì

Ọjọ́ kan péré ni ọdún yìí ní lójú mi: ọjọ́ tí àbúrò mi obìnrin kó oògùn rẹ̀ jáde nínú báàgì, tó tò ó sórí tábìlì níwájú gbogbo ẹbí, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Àìsàn bipolar ló ń ṣe mí. Lithium ni mò ń lò." Bipolar ni àìsàn ọpọlọ tí ara yíyá àṣejù àti ìrẹ̀wẹ̀sì ńlá fi máa ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn; lithium ni oògùn tí wọ́n fi ń mú un dúró. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ èyí. Àwọn oṣù tó kù, mi ò rí wọn mọ́.

Inú ọ̀rá ni ike oògùn náà wà. Ó ti bó lébẹ́ẹ̀lì ara ike dànù, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á. Ìtìjú ló fa ìyẹn, ẹ̀mí ló sì ń fi ṣeré. Nínú lithium, ìwọ̀n tó ń woni sàn àti èyí tó ń ṣeni léṣe sún mọ́ra gan-an. Láàárín 0.6 sí 1.0 mmol (òṣùwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò ń lò) nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ni dókítà sábà máa ń fẹ́. Tó bá ti kọjá 1.5, ewu ti wọlé. Ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò náà, wákàtí 12 lẹ́yìn oògùn tó lò kẹ́yìn ni wọ́n ń gbà á. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ìwọ̀n yẹn á gòkè. Bí ẹnìkan tí kò mọ̀ bá fún un ní ibuprofen nítorí orí fífọ́, á tún gòkè. Ọwọ́ á máa gbọ̀n gan-an, á máa bì, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ará ilé tí kò mọ nǹkan kan á ní wèrè rẹ̀ ló tún dé, wọ́n á tì í mọ́ yàrá, nígbà tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n sáré gbé e lọ. Ẹ sọ fún mi, kí ni wọ́n fẹ́ wí fún dókítà níbẹ̀, tí kò sí lébẹ́ẹ̀lì? Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí ẹni tó bá ní "ẹ bò ó mọ́ra."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa àgbà. Gbogbo wa dákẹ́, òun ló fa àga sún mọ́ ọn, tó bi í pé, "Ìgbà wo ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó kàn?" Ara tu gbogbo wa.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ kọ ìwé pélébé kan, nígbà tí ara rẹ̀ le, torí ẹni tí àìsàn ti gbé lọ kò lè ṣètò mọ́. Orúkọ àìsàn, oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà dókítà, ẹni méjì tí a ó pè. Àmì tó máa ń kọ́kọ́ yọ náà wà níbẹ̀: tó bá ń sun wákàtí mẹ́ta tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tí ọ̀rọ̀ bá ń sáré lẹ́nu rẹ̀, tó bá ń náwó láìnídìí. Òru méjì léraléra, kí a ti pe dókítà. Ó tún kọ ohun tí òun kò fẹ́: kí a má pe èrò lé òun lórí.

Ẹnìkan wà tí kò bá wa dé ìparí ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń bi ènìyàn bóyá ó ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. A kì í ní, "O ò ní ṣe nǹkan burúkú, àbí?" Ẹni tí a bi bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé "rárá" ni a fẹ́ gbọ́. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni kó wà níbẹ̀, kí o sì là á mọ́lẹ̀: "Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o gba ẹ̀mí ara rẹ?" Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má ṣe pariwo, má ṣe wàásù. Béèrè bóyá ó ti pinnu bí yóò ṣe ṣe é àti ìgbà tí yóò ṣe é. Má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kó ohun tó lè fi pa ara rẹ̀ lára kúrò nítòsí, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Má ṣe ṣèlérí pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún ṣọ́ ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ oògùn tí wọ́n fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Èébì àti orí fífọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé; ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ọkàn tó fúyẹ́. Àárín yẹn ni ọ̀pọ̀ ń dá a dúró, tí ẹnìkan á ti sọ fún wọn pé oògùn wèrè ni.

Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló kù. Kò tíì bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, mi ò sì ní tì í. Kò pọn dandan kó dárúkọ àìsàn. Ohun tó nílò ni kó béèrè: àyè láti lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti kí wọ́n má fi í sí iṣẹ́ òru, torí àìsùn máa ń jí bipolar dìde. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí wọ́n bá gbà lọ́dún tó ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín.